Ṣé O Mọ̀? Àwọn Ìwé Tìmbúkútù Tó Ti Sá Ogun Rí

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ibi tí orúkọ Yorùbá ti kọ́kọ́ wọ inú ìwé ni ìlú kan létí aṣálẹ̀ Sàhárà? Ọdún 1615 ni. Ahmad Baba, àáfà ńlá ará Tìmbúkútù, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Málì lónìí, ló kọ ọ́. Kì í ṣe pé ó ń kì wá o. Ìdí tó fi dárúkọ wa ń bọ̀ níwájú, kò sì dùn ún gbọ́. Fara balẹ̀ ná.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ìwádìí kan wà ní Tìmbúkútù tó ń jẹ́ orúkọ àáfà yìí títí di òní? Ní 1967, àjọ UNESCO pe àwọn onímọ̀ jọ sí ìlú náà kí wọ́n lè jíròrò lórí ẹ̀rí ìtàn Áfíríkà tí àwọn ọmọ Áfíríkà fọwọ́ ara wọn kọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a lábàá pé ó yẹ kí ibì kan wà tí wọn yóò máa kó ìwé àfọwọ́kọ pamọ́ sí. Ìjọba Málì fọwọ́ sí i ní 1970, ilẹ̀kùn sì ṣí ní 1973. Owó Kùwéètì wà lára ohun tí wọ́n fi gbé e dìde. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe olórí ibẹ̀ ni Mahmoud Zouber, onímọ̀ tó kọ odidi ìwé kan lórí ìgbésí ayé Ahmad Baba.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ilé ti wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni ìwé wà? Ó wà nínú àpótí ìdílé, nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé, nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ iyanrìn. Ẹ̀rù ló fà á. Ní 1890, ọmọ ogun Faransé gba ìlú Ségou, wọ́n kó ìwé ìdílé Al-Hájì Umar Tall tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ sí Paris, ibẹ̀ ló sì wà títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Nígbà tó di ìparí 1893 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1894, àwọn Faransé yìí kan náà wọ Tìmbúkútù. Kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ ará ìlú lọ́gbọ́n mọ́. Oníwèé gbé ìwé rẹ̀ pamọ́, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má fi han àlejò. Ìkìlọ̀ náà wọ àwọn ọmọ létí débi pé ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí ìjọba tiwọn fúnra wọn wá béèrè, wọ́n ní àwọn ò ní nǹkan kan.

Ta ló wá yọ ìwé jáde? Ọ̀kan lára wọn ni Abdel Kader Haidara, ọmọ ilé onímọ̀, tí ilé ìwádìí náà gbà síṣẹ́ ní 1984. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọ abúléko kan bọ́ sí òmíràn, lórí ràkúnmí, nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Ọya tí òyìnbó ń pè ní Niger, kó máa bá àwọn bàbá àgbà jókòó, kó máa ná ìwé. Nígbà mìíràn owó ni wọ́n ń gbà, nígbà mìíràn ẹran ọ̀sìn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìwé ló bá bẹ́ẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ló fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láti ṣí ilé-ìkàwé ìdílé tirẹ̀. Má gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé olùkọ́ Ahmad Baba kì í bi ẹni tó wá yá ìwé pé ọmọ ta ni? Muhammad Baghayogho lorúkọ bàbá náà, ìlú Djenné ló ti wá sí Tìmbúkútù. Ọmọ kéwú á kan ilẹ̀kùn, á ní òun ń wá ìwé báyìí báyìí. Bàbá á wọlé, á wá a jáde, á gbé e lé e lọ́wọ́. Ó parí. Ì báà jẹ́ ìwé tí ẹ̀dà rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ ní gbogbo ìlú, kò kàn án. Kì í sì í béèrè rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ ló bá bẹ́ẹ̀ lọ. Ahmad Baba ló ròyìn rẹ̀, ó sì lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lọ́dọ̀ olùkọ́ yìí. Ní tèmi o, ẹni tó bá yá ìwé mi, mo máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri.

Ṣé o mọ ohun tó sọ Ahmad Baba di ẹlẹ́wọ̀n? Ní 1591, Súlútánì Mòrókò, Ahmad al-Mansur, rán ọmọ ogun la aṣálẹ̀ kọjá nítorí wúrà. Ìbọn wà lọ́wọ́ tiwọn, kò sí lọ́wọ́ àwọn Songhai tó ń jọba lórí Tìmbúkútù. Tondibi ni wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ sì ni ìjọba Songhai dojú dé sí. Àwọn àáfà Tìmbúkútù ò yé kùn sí ọ̀gá tuntun. Nígbà tó di 1593, wọ́n kó wọn, wọ́n kó ẹrù ilé wọn, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n, wọ́n sì kó wọn gba inú iyanrìn lọ sí Marrakesh. Lọ́nà, Ahmad Baba já bọ́ lórí ràkúnmí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ìwé tí wọ́n kó nílé rẹ̀ jẹ́ 1,600. Ó ní nínú gbogbo ẹbí òun, òun lòun ní ìwé tó kéré jù.

Tún gbọ́ èyí. Ìtàn tí àwọn ará Mòrókò fúnra wọn kọ sílẹ̀ ni. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n mú un dé ààfin, ẹ̀yìn gàgá ni al-Mansur jókòó sí, tó ti ń sọ̀rọ̀. Ahmad Baba ò dáhùn. Ó ní inú Al-Kùránì ni òun ti kà á pé Ọlọ́run ló ń bá ẹ̀dá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gàgá. Bí ọba bá ní ọ̀rọ̀ bá òun sọ, kó ká aṣọ kúrò lójú. Wọ́n ká a. Ó wá bi ọba léèrè ohun tó rí lọ́bẹ̀ tó fi kó ilé òun, tó kó ìwé òun, tó sì dè òun títí òun fi jábọ́ tí ẹsẹ̀ òun ṣẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro ló ń béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ọba tó lè ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí.

Ṣé o mọ̀ pé ní ìgbèkùn yẹn gan-an ló ti kọ ìwé tó lókìkí jù nínú àwọn ìwé rẹ̀? Wọ́n yọ ọ́ kúrò lẹ́wọ̀n ní 1596, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó kúrò ní Marrakesh. Ó ń kọ́ni ní mọ́sáláṣí, àwọn onímọ̀ Mòrókò sì ń wá jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọdún yẹn ló parí ìwé tó kó ìtàn àwọn onímọ̀ òfin Màlíkì jọ. Wọ́n lé ní 800. Ìwé 1,600 tirẹ̀ ti lọ, orí àti ìwé àyálò ló fi ṣe é.

Ìgbà tí al-Mansur kú ni wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ó padà délé ní 1608. Wọ́n ní lọ́jọ́ tó ń lọ, àwọn onímọ̀ Marrakesh sìn ín sọ́nà, ọ̀kan nínú wọn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ṣe àdúrà pé kí Ọlọ́run tún dá a padà sọ́dọ̀ àwọn. Ahmad Baba já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó ní kí Ọlọ́run má ṣe dá òun padà síbẹ̀ láé.

Ṣé o mọ̀ pé tábà gan-an ò bọ́ lẹ́nu rẹ̀? Lójú ọ̀nà ilé, ní 1607, ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan láti fi ṣàlàyé pé kò sí ẹ̀rí pé tábà jẹ́ èèwọ̀. Tábà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú nígbà náà, àwọn àáfà sì ń bá ara wọn jà lé e lórí.

Ó wá kan orúkọ wa. Àwọn ará Tuwat, láàárín aṣálẹ̀ ní ilẹ̀ tó ti di Àlùjíríà, kọ̀wé ìbéèrè sí Ahmad Baba. Ẹrú tí wọ́n ń kó lọ sí Àríwá Áfíríkà ń gba ìlú wọn kọjá. Wọ́n ní: àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ń kó wá tà yìí, àwọn wo ló bófin ẹ̀sìn mu kí a rà, àwọn wo ni kò bófin mu? Ṣé òótọ́ ni pé ègún tí Ànábì Nuhu fi ọmọ rẹ̀ Ham gún ló sọ ènìyàn dúdú di ẹrú?

Ahmad Baba dá wọn lóhùn ní 1615. Ó ní ọ̀rọ̀ Ham yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọ̀ ara kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú. Àìgbàgbọ́ nìkan ni òfin mọ̀. Ẹni tó bá sì ti jẹ́ Mùsùlùmí láti ìlú rẹ̀, a ò gbọdọ̀ rà á, a ò gbọdọ̀ tà á, ì báà dúdú bí kóró iṣin. Ó wá to ìlú lẹ́sẹẹsẹ kí ó lè yé àwọn oníṣòwò. Bọ̀nú, Kánò, Kàtsínà, Gobir, Songhai: Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Mossi, Gurma, Bùsà, Bàrùbá, Dagomba, Yorùbá: aláìgbàgbọ́ ni wọ́n.

Bí a ṣe wọ ìwé nìyẹn, lára àwọn tó ṣeé rà. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn oníwàásù pé Ahmad Baba lòdì sí òwò ẹrú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó lòdì sí ni kí wọ́n máa fi àwọ̀ ara ṣe ẹ̀rí. Ìyẹn nìkan, ní 1615, nígbà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ lókè òkun ń fi ìtàn Ham jẹun, tó nǹkan tí a lè kà sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi aṣọ tí kò dá wọ̀ ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́yìn ìwé yẹn, ó tó nǹkan bí igba ọdún kí Muhammad Bello ti Sókótó tó tún kọ̀wé lórí Yorùbá nínú Infaq al-Maysur, ní 1812? Àjàyí Crowther ò tíì di ọmọ ilé-ìwé nígbà náà. 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tiẹ̀ tó jáde.

Ṣé o mọ ẹni tó jẹ́ kí àwa tí a ò gbọ́ Lárúbáwá lè ka ìdáhùn Ahmad Baba yẹn? John Hunwick ni, òyìnbó tó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Fatima Harrak ti Mòrókò. Rabat ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní 2000. Hunwick yìí ló dá ibùdó àkójọ ìwé Lárúbáwá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964. Fi 1964 yìí wé 1967 dáadáa: Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ kí UNESCO tó ṣèpàdé ní Tìmbúkútù rárá.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìwé Tìmbúkútù ni wọn ò rán pọ̀? Gbé ọ̀kan wò. Awọ ewúrẹ́ ló wà lóde, tí wọ́n ká bí àpò, tí okùn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sì dì í lára. Bí o bá tú u, ewé tákàdá lásán lo máa bá nínú, ọ̀kan lórí èkejì, láìsí òwú, láìsí lẹ́ẹ̀. Kò sí nọ́ńbà lójú ewé. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tó kàn? Wo ìsàlẹ̀ ojú ewé, lápá òsì: ọ̀rọ̀ kan dá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Bí afẹ́fẹ́ bá tú ìwé ká, ọ̀rọ̀ yẹn ni àáfà yóò máa tọ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi tò padà. Tàdáwà dúdú ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ìwé, tàdáwà pupa ni wọ́n fi kọ àkọlé àti àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kó hàn. Etí ìwé kún fún àlàyé tí àwọn tó ti kà á kọ síbẹ̀, òmíràn ní ìlà wíwọ́, òmíràn ní ìdojúdé, tó fi jẹ́ pé ojú ewé kan lè gbé ohùn ènìyàn mẹ́ta tí wọn ò jọ gbé ayé. Tákàdá náà, bí o bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, o lè rí àmì oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti ṣe é. Ràkúnmí ló gbé e dé.

Iye tí wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ dída ìwé kọ ńkọ́? Ní àwọn ọdún 1570, wọ́n da ìwé atúmọ̀-èdè Lárúbáwá kan kọ ní Tìmbúkútù, ìwé gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó pé ìdì 28. Adàwékọ gba míṣíkálì wúrà kan lórí ìdì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣàṣìkọ gba ìdajì. Ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọn ò fi pamọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé mówó wọlé ju àwọn ọjà yòókù lọ? Leo Africanus, tó dé Tìmbúkútù níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní Venice ní 1550. Ìwé tí wọ́n kó wá láti Àríwá Áfíríkà ni ó ń sọ.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan ló wà nínú wọn? Ìwé òfin pọ̀, àlàyé Al-Kùránì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìràwọ̀ wà, ìwé egbòogi wà, ìwé àdéhùn ilẹ̀, ìwé ogún, ìwé ìkọ̀sílẹ̀, lẹ́tà ẹni tó ń sin gbèsè. Kì í sì í ṣe Lárúbáwá nìkan. Wọ́n fi lẹ́tà kéwú kọ èdè Songhai, èdè Fúlàní, èdè Tamasheq, bí àwọn àáfà Ìlọrin náà ṣe fi kọ Yorùbá.

Ṣé o mọ̀ pé Yunifásítì Sankore tí gbogbo ènìyàn ń sọ kì í ṣe irú yunifásítì tí à ń rò? Kò sí ọ̀gá àgbà, kò sí ọgbà tó ní géètì. Mọ́sáláṣí wà, ilé àwọn àáfà wà yí i ká. O ó wá olùkọ́ tó mọ ìwé kan, o ó jókòó tì í títí ẹ ó fi kà á parí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ ìwé ẹ̀rí lé ọ lọ́wọ́ pé o ti gbà á lẹ́nu òun, tí òun náà gbà á lẹ́nu lágbájá, tí lágbájá gbà á lẹ́nu tàmẹ̀dù. Àwọn ará íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ka ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ fún wa, kí wọ́n mú ìwé orúkọ wá.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Nàìjíríà ni òyìnbó ti kọ́kọ́ rí ìwé ìtàn Tìmbúkútù tó ṣe kókó jù? Gwandu ni, ní 1853. Heinrich Barth, ará Jámánì, rí Tarikh al-Sudan níbẹ̀, ó da díẹ̀ kọ nínú rẹ̀, ó sì kéde pé Ahmad Baba ló kọ ọ́. Kì í ṣe òun. Al-Sadi ló kọ ọ́, lẹ́yìn tí Ahmad Baba ti kú.

Ṣé o mọ ẹni tó kọ́ ilé tuntun fún ilé ìwádìí náà? Gúúsù Áfíríkà ni. Ààrẹ Thabo Mbeki ṣàbẹ̀wò sí Tìmbúkútù ní 2001, ó rí ìwé, ó sì ṣèlérí. Wọ́n kó àwọn ọmọ Málì lọ kọ́ iṣẹ́ títún ìwé ṣe ní Pretoria, wọ́n sì ṣí ilé ńlá náà ní oṣù kìíní ọdún 2009, nítòsí mọ́sáláṣí Sankore. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní yàrá ìpamọ́ lábẹ́ ilẹ̀, ó ní gbọ̀ngàn ìpàdé.

Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fi gbádùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2012, àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ Tìmbúkútù. Láìpẹ́, àwọn tó ní àwọn ń jà fún Ìsìláàmù gba ìlú lọ́wọ́ àwọn yòókù, wọ́n sì sọ ilé ìwé tuntun yìí di bárékè. Wọ́n ń sùn níbẹ̀. Wọ́n ń fi dígà wó sàréè àwọn wálíì àti àáfà tí ìlú ti ń bọ̀wọ̀ fún láti ayébáyé.

Ṣé o mọ̀ pé bàbá olùṣọ́ kan tí kò mọ̀ọ́kọ, tí kò mọ̀ọ́kà, wà lára àwọn tó gba ìwé là? Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó sì ti lo ogójì ọdún nídìí iṣẹ́ náà. Ilé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ìwé ṣì wà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ò sì bìkítà fún ibẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2012, bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í di ìwé sínú àpò ìrẹsì àti àpò jéró tó ti ṣófo. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á kó o sórí ọmọlanke tí wọ́n fi ń ti ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà, á tì í la ìgboro kọjá. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù àti alùpùpù ti ń gbé e dé etídò, ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé Mopti, mọ́tò á gbé e dé Bamako. Kò lè ka ìlà kan nínú ohun tó ń tì lọ.

Haidara tí mo ní kí o má gbàgbé ńkọ́? Òun ni ó kó àwọn ilé-ìkàwé ìdílé jọ. Wọ́n ra pọ́tímáńtò onírin títí ó fi tán lọ́jà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi páànù ṣe òmíràn. Àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn àbúrò, àwọn awakọ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, gbogbo wọn ló lọ́wọ́ sí i. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n kó jáde lé ní 370,000. Àwọn onímọ̀ kan ti bá iye yẹn jiyàn, èmi náà rò pé ó pọ̀ jù bí a bá ń ka odidi ìwé, kì í ṣe ewé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn pé wọ́n kó o.

Ṣé o mọ iye tó jóná? Kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó sá fún ọmọ ogun Faransé àti ti Málì ní oṣù kìíní 2013, wọ́n dáná sun ìwé tí wọ́n rí lórí tábìlì iṣẹ́ nínú ilé tuntun. Olórí ìlú náà, tó ti sá lọ sí Bamako, kéde fún gbogbo ayé pé gbogbo rẹ̀ ti jó tán. Nígbà tí wọ́n kà á, UNESCO ní 4,203 ni. Nísàlẹ̀ ilé kan náà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, ìwé tó lé ní 10,000 wà tí wọn ò ṣí rárá. Ọdún kan tó sún mọ́ pípé ni wọ́n fi sùn lórí rẹ̀, wọn ò mọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnìkan ṣẹ̀wọ̀n nítorí àwọn sàréè tí wọ́n wó yẹn? Ahmad al-Faqi al-Mahdi ni. Ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé ní Hague rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án ní oṣù kẹsàn-án 2016, ní 2017 wọ́n tún ní kó san owó gbà-má-bínú mílíọ̀nù 2.7 yúrò. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ilé-ẹjọ́ náà yóò dá ẹjọ́ ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ kò ju bíba ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jẹ́ lọ. Àwọn bíríkìlà Tìmbúkútù, tí wọ́n jogún iṣẹ́ amọ̀ lọ́wọ́ bàbá wọn, ló tún àwọn sàréè náà mọ. Wọ́n parí mẹ́rìnlá ní 2015.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn mọ́ńkì Kátólíìkì wà lára àwọn tó ń ya fọ́tò ìwé Mùsùlùmí wọ̀nyí? Ilé-ìkàwé wọn wà ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, Fadá Columba Stewart ló sì ṣáájú iṣẹ́ náà. Láti 2013 ni wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ Málì ṣe é ní Bamako. O lè fi fóònù rẹ wo púpọ̀ nínú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé ti ń padà sílé? Ọ̀rinrin Bamako ò bá tákàdá aṣálẹ̀ mu, ó ń mú kó bu. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba Málì fi ọkọ̀ òfurufú kó apá àkọ́kọ́ padà sí Tìmbúkútù, àpótí tó lé ní 200, tó wọ̀n tó tọ́ọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀. Ogun ò tíì tán lágbègbè yẹn. Àwọn ará ìlú ló ń béèrè ìwé wọn, mi ò sì rò pé ẹlòmíràn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù.

Kí á tó lọ, jẹ́ kí á wo ilé. Ṣé o mọ̀ pé ní 1912 ni Ahmad ibn Abi Bakr ti kọ ìtàn Ìlọrin ní èdè Lárúbáwá, tí ìwé ìtàn Samuel Johnson ò sì tíì jáde títí di 1921? Ṣé o mọ̀ pé Sheikh Adam Abdullahi al-Ilory, tó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì gbé e wá sí Agége ní 1955, kọ ìtàn Ìsìláàmù ilẹ̀ wa ní Lárúbáwá, tí àwọn ará Íjíbítì sì ń kà á? Ṣé o mọ̀ pé ibùdó Ìbàdàn ti 1964 yẹn kì í gba ìwé lọ́wọ́ onílé? Nígbà náà, wọ́n máa ń yá a, wọ́n á yà á sórí fíìmù, wọ́n á sì dá a padà.

Ṣé o wá mọ ohun tó wà nínú àpótí bàbá bàbá rẹ? Bí ilé àáfà ni ilé yín, ní Ìlọrin, ní Ìwó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Ẹ̀pẹ́, ní Pọ̀tọ̀nóvò, wá ibi tí wọ́n gbé àpótí náà sí kí ìkán tó wá a. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó o dànù pé hàǹtú lásán ni. Má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, má kó o sínú ọ̀rá, má sá a sóòrùn. Gbé e kúrò nílẹ̀. Má fi lé àlejò tó lóun fẹ́ rà á lọ́wọ́ títí àáfà tó gbọ́ ọ yóò fi sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ọ. Àwọn tó ń tọ́jú irú rẹ̀ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n sì wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété. Kí o tó tò ó, ya fọ́tò rẹ̀ bí o ṣe bá a, ewé kan tẹ̀ lé èkejì. Bí ewé bá sì ti dàrú, wo ìsàlẹ̀ ojú ewé, lápá òsì.